Èrò Mi Nípa Lílo Àdápítọ̀ Nínú Ilé

Bí ènìyàn bá wọ ilé mẹ́wàá ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo lónìí, ó ṣòro kí ó tó rí ẹyọ kan tí kò ní àdápítọ̀ nínú. Àdápítọ̀ ni nǹkan kékeré tí a máa ń fi sí àárín pulọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹsẹ̀ pulọ́ọ̀gì kò bá bá ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì mu. Funfun ni òmíràn, dúdú ni òmíràn. Kò wúwo, kò sì wọ́n. Nítorí pé ó kéré tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á sí ohun tí àgbàlagbà lè jókòó ṣe àríyànjiyàn lé lórí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, àlejò ni àdápítọ̀. Ó dára fún arìnrìn-àjò tí yóò sùn ọjọ́ méjì tí yóò sì padà sí ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ ọ́ di ará ilé. Ẹ̀rọ tí yóò bá wa gbé, tí pulọ́ọ̀gì rẹ̀ kò sì bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu, ṣe ni ó yẹ kí a gé orí pulọ́ọ̀gì náà kúrò, kí a sì fi èyí tí ó bá a mu rọ́pò rẹ̀.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí iná mànàmáná kọ́kọ́ wọ inú ilé àwọn ènìyàn ní òkè òkun, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n rà á fún. Kò sí ihò kankan lára ògiri. Ibi tí gílóòbù ń wọ̀ ní òkè àjà nìkan ni iná wà. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù àti fáànù oníná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òkè àjà yìí kan náà ni wọ́n ti ń wá iná fún wọn. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Harvey Hubbell ni ó gba ìwé àṣẹ ìjọba ní ọdún 1904 lórí ohun kan tí a lè lọ́ mọ́ ojú ibi tí gílóòbù wà, tí ó sì ní ihò tí pulọ́ọ̀gì lè wọ̀ kí ó sì jáde. Ẹ ò rí nǹkan! A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé pulọ́ọ̀gì àti àdápítọ̀ jọ dé ilé ayé ní ọjọ́ kan náà ni.

Lẹ́yìn èyí, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀ láì bi ẹnì kejì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ, àwọn Jámánì àti Faransé ń lo ẹlẹ́sẹ̀ méjì roboto, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí Jámánì fi ń dáàbò bo ènìyàn yàtọ̀ sí ti Faransé. Àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ohun èlò iná, èyí tí a ń pè ní IEC, to irú pulọ́ọ̀gì tí ayé ń lò láti A títí dé O, ó sì jẹ́ 15. Ní tiwa, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìjọba lé wa lórí ni wọ́n fún wa ní tiwọn: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta roboto ni ó kọ́kọ́ dé, a ṣì ń rí i lára ògiri àwọn ilé àtijọ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pẹlẹbẹ ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò gba ti Faransé. Nítorí náà, ará Ìmẹ̀kọ àti ará Kétu lè jọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́ ara wọn ní àgbọ́yé, kí wọ́n jọ pín orí oko, ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀gì èkíní kò ní wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì èkejì. Ẹni tí ó bá ti Ìmẹ̀kọ lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Kétu lè mú àdápítọ̀ dání, n kò sì ní bá a jà, nítorí pé agbára iná àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, fóòtì 230 níhìn-ín, 220 lọ́hùn-ún. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ ṣe àdápítọ̀ gan-an nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa fúnra rẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tí wọ́n kàn fi ọwọ́ gbẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń múra láti tún ilé wọn kọ́, wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò sọ irú ètò iná tí ó yẹ kí ó wà nínú àwọn ilé titun. Ọdún 1944 ni ìgbìmọ̀ náà mú àbọ̀ wá. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn, Caroline Haslett ni orúkọ rẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ sì ni. Lára ohun tí ìgbìmọ̀ yìí fẹ́ ni pé kí ọmọ kékeré má lè ti ìṣó tàbí abẹ́rẹ́ bọ inú ihò iná. Nígbà tí ìlànà pulọ́ọ̀gì titun náà sì jáde ní ọdún 1947, wọ́n fi ìlẹ̀kùn kékeré sí ẹnu ihò méjì ìsàlẹ̀ tí iná ń gbà. Ẹsẹ̀ òkè pulọ́ọ̀gì gùn ju àwọn méjì yòókù lọ; òun ni kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá wọlé, ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀ yóò ṣí. Bí kò bá wọlé, títì ni wọn yóò wà.

Kí ni àwa ń fi kọ́kọ́rọ́ yìí ṣe? Ẹni tí ó ní ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò sì rí àdápítọ̀ nítòsí yóò wá igi ìgbálẹ̀, tàbí ìdérí bírò, yóò kì í bọ ihò òkè, ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀ yóò ṣí, yóò sì fi tipátipá ti ẹsẹ̀ méjì roboto bọ ihò tí a gbẹ́ fún ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Mo ti rí i ní ilé ìgerun, ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ní yàrá àwọn olùkọ́ pàápàá. Àwọn ọmọ kéékèèké sì ń wò wá. Ohun tí ìgbìmọ̀ odindi kan jókòó rò pé kí ọmọ má lè ṣe, àwa àgbà ni a ń fi kọ́ wọn lójú ara wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ̀ pé igi ni bàbá òun lò nítorí pé igi gbígbẹ kì í gbé iná. Ìṣó ni òun yóò mú.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ihò méjì ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa fi bí mílímítà 22 jìnnà sí ara wọn. Ẹsẹ̀ pulọ́ọ̀gì ńlá ti Jámánì fi mílímítà 19 jìnnà. Bí a bá ti èkejì bọ èkíní, ṣe ni irin inú sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò yà sí ẹ̀gbẹ́, kò sì ní dì mọ́ ẹsẹ̀ náà mọ́. Níbi tí irin kò bá ti dì mọ́ irin, iná yóò máa fò, ibẹ̀ yóò máa gbóná, ike yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, yóò sì máa rùn. Nígbà tí a bá wá padà ti pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó dára bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, òun náà kò ní dúró dáadáa mọ́. Àwọn kan yóò wá ní sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, ẹnì kan lè sọ pé ìdí nìyẹn tí òun fi ra àdápítọ̀, kí òun má baà fi igi ṣí ihò. Òótọ́ ni pé àdápítọ̀ sàn ju igi lọ. Ṣùgbọ́n irú àdápítọ̀ wo ni? Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lórí àtẹ ni èyí tí ẹnu rẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, tí wọ́n ní ó ń gba gbogbo pulọ́ọ̀gì ayé. Bí ihò kan bá gba roboto, tí ó gba pẹlẹbẹ, tí ó gba tínrín, tí ó gba nínípọn, kò lè di èyíkéyìí nínú wọn mú ṣinṣin. Ohun tí ó tún burú ju èyí lọ ni ti wáyà ilẹ̀. Lára pulọ́ọ̀gì ńlá ti Jámánì, irin tí ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pulọ́ọ̀gì ni ó wà. Àdápítọ̀ ẹlẹ́nu gbọ̀ngbọ̀n yìí kò ní ohunkóhun ní ẹ̀gbẹ́ tí yóò fi kàn án. Pulọ́ọ̀gì wọlé, iná dé, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, gbogbo ilé dunnú. Wáyà ilẹ̀ kò kan ibì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹsẹ̀ kẹta kàn wà fún ẹwà ni. Wáyà tí a so mọ́ ẹsẹ̀ kẹta ń lọ sí ara irin ẹ̀rọ náà, bí ara áyọ́ọ̀nù tàbí ti fìríìjì. Láti ara ògiri, ó tún ń lọ sínú ilẹ̀. Bí wáyà tí ó gbé iná bá já nínú fìríìjì tí ó sì kan ara irin, iná yóò gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ pẹ̀lú agbára, fíúsì yóò sì jó lójú ẹsẹ̀. Ariwo kékeré ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀nà ilẹ̀, fíúsì kò ní jó. Fìríìjì yóò máa tutù lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, iná yóò sì dúró sí ara rẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi wá fi ọwọ́ tútù ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, tí kò wọ bàtà, lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ara ẹni náà ni yóò di ọ̀nà ilẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fèsì pé ilé mìíràn kò tilẹ̀ ní wáyà ilẹ̀ rárá, pé kí ni ẹsẹ̀ kẹta fẹ́ ṣe níbẹ̀. Èsì mi ni pé kí onílé wá ẹni tí yóò ri irin mọ́lẹ̀ kí ó sì fa wáyà sí i. A kì í tìtorí pé òrùlé ń jò kí a tún lọ yọ fèrèsé.

Fíúsì pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Pulọ́ọ̀gì tiwa ní fíúsì nínú, ámpù 3 fún ohun kéékèèké bíi rédíò, ámpù 13 fún ohun tí ń gbóná bíi kẹ́tùrù. Ti Jámánì, Faransé àti Amẹ́ríkà kì í sábà ní in, nítorí pé ètò wáyà inú ògiri wọn yàtọ̀. Bí a bá fi àdápítọ̀ tí kò ní fíúsì so wáyà rédíò tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri wa, fíúsì ńlá tí ó wà nídìí mítà nìkan ni ó kù tí yóò ṣọ́ ọ, òmíràn sì lè gba ámpù 30 kọjá kí ó tó jó. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò ti gbiná kí fíúsì ńlá tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Èwo ni ti ẹ̀rọ Amẹ́ríkà? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹ̀kọ́ Físíìsì yóò tètè gbọ́ eléyìí ju àwọn òbí yín lọ. Àdápítọ̀ ń pa ẹsẹ̀ dà ni. Kì í pa agbára iná dà. Fóòtì 120 ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, 230 ni tiwa. Ẹ̀rọ tí ń fi irin gbígbóná ṣiṣẹ́, bí a bá sọ fóòtì rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1000 láti Amẹ́ríkà, bí a bá fi àdápítọ̀ kì í bọ ògiri wa, yóò fẹ́ fa bíi wáàtì 3,670. Kò ní fà á pẹ́. Tiransifọ́mà tí ń dín fóòtì kù ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, kì í ṣe àdápítọ̀, tiransifọ́mà náà sì gbọ́dọ̀ lágbára tó ohun tí a fẹ́ fi sí i.

Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà dáwó jọ, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ kí a lè máa tẹ ìbéèrè ìdánwò. Inú gbogbo wa dùn. Akọ̀wé kan rán ọmọ lọ ra àdápítọ̀ ní ọjà, ó fi so ẹ̀rọ náà mọ́ ògiri, ó sì tẹ̀ ẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí èéfín fi kún yàrá. Wọ́n kọ fóòtì 120 gàdàgbà sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé pulọ́ọ̀gì ti wọlé. Èyí gan-an ni ẹ̀sùn tí mo fi kan àdápítọ̀: ó máa ń mú kí ènìyàn rò pé bí nǹkan bá ti wọlé, ó ti bá a mu. Ilé ìkẹ́rùsí ni ẹ̀rọ ẹ̀dà náà wà títí mo fi kúrò níbẹ̀, a sì ń fi ọwọ́ kọ ìbéèrè sójú pátákó.

Ó yẹ kí n gbà fún àwọn tí kò fara mọ́ èrò mi níbi kan. Ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í ṣe ẹgbẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ẹni tí ó bá ka ara wọn yóò rí i pé wọ́n kọ fóòtì 100 sí 240 sí ọ̀pọ̀ wọn, tí ó túmọ̀ sí pé wọ́n lè jẹ iná Amẹ́ríkà àti tiwa. Agbára tí ti fóònù ń fà kéré, ara rẹ̀ sì jẹ́ ike, kò nílò wáyà ilẹ̀. Bí a bá fi àdápítọ̀ tí ó dára tí ó sì ní fíúsì so irú wọn mọ́ ògiri, n kò rí ewu tí ó pọ̀ níbẹ̀. Bákan náà ni àdápítọ̀ tí a fi ń sọ ojú gílóòbù ẹlẹ́sẹ̀ di ti oní-lílọ́, níwọ̀n ìgbà tí gílóòbù náà kò bá ti wúwo jù. Ṣùgbọ́n fìríìjì, áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùrù, sítóòfù oníná, ẹ̀rọ ìfọṣọ, ọ̀rọ̀ tiwọn kò ní àbùlà.

Àwọn mìíràn ní bí àwọn bá gé pulọ́ọ̀gì, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò ní bá àwọn tún un ṣe mọ́. Fún ẹ̀rọ titun, ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀, kí olùrà béèrè kí ó tó sanwó. Ṣùgbọ́n mélòó nínú ẹ̀rọ wa ni ó jẹ́ titun? Tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, láti Alaba tàbí láti ọwọ́ ẹni tí ó kó wọn sínú kọ̀ntánà wá láti Jámánì. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tí ń dúró dè wá. Ti owó ńkọ́? Pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó dára kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju àdápítọ̀ tí ó dára lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó sì rà á.

Síbẹ̀, n kò ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mú ọ̀bẹ kí ó máa gé wáyà o. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wáyà ní ìkẹ́kùn nínú. Nínú wáyà Yúróòpù, àwọ̀ igi ni èyí tí ó gbé iná, búlúù ni ìdà padà, èyí tí ó ní ilà ewéko àti ìyeyè ni ti ilẹ̀. Nínú wáyà àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, pupa ni ó gbé iná, dúdú ni ìdà padà. Nínú wáyà Amẹ́ríkà, dúdú gan-an ni ó gbé iná, funfun sì ni ìdà padà. Ẹni tí ó bá fi ojú wáyà ilé bàbá rẹ̀ wo dúdú ti Amẹ́ríkà yóò so ó sí òdìkejì. Kí a pe ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ iná.

Ìjọba kò gbọ́dọ̀ káwọ́ gbera lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1971 ni òfin ti dá àjọ SON sílẹ̀ láti máa ṣe ìlànà fún ọjà tí a ń tà ní Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1994 ní kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ń lò nínú ilé ní pulọ́ọ̀gì tí ó yẹ lára kí olùtà tó gbé e fún olùrà. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe níhìn-ín náà nìyẹn: kí ẹni tí ó kó fìríìjì tòkúnbọ̀ wọlé pa orí rẹ̀ dà kí ó tó tà á, dípò kí ó fi àdápítọ̀ ṣe ènì fún oníbàárà. Àwọn tí ó sọ pé kò ṣeé ṣe, kí wọ́n wo Bùràsíìlì. IEC gbé pulọ́ọ̀gì kan jáde ní ọdún 1986 pé kí ayé jọ máa lò ó. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n Bùràsíìlì mú ìlànà tirẹ̀ láti ibẹ̀, ó sì sọ ọ́ di dandan. Àwọn ènìyàn kùn, wọ́n ra àdápítọ̀ títí, ṣùgbọ́n ilé tí a ń kọ́ níbẹ̀ lónìí, ìlànà kan ni. Ti ṣájà fóònù náà ńkọ́? Ẹ bi àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ léèrè bí ẹnu ṣájà ti pọ̀ tó nígbà tí fóònù kọ́kọ́ dé, tí àwọn tí ń gba owó láti fi iná sí fóònù ń gbé wáyà olórí mẹ́wàá kọ́ sí ìta ṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún 2009 ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fẹnu kò ní Yúróòpù lórí ẹnu kan; ní ọdún 2022 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sọ ọ́ di òfin pé USB-C ni kí ó jẹ́; láti ìparí ọdún 2024 ni òfin náà sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù titun tí a ń tà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Apple, tí ó ti ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, gbà ní ọdún 2023.

Kí ìjọba tó dìde, àdápítọ̀ tí ó wà nínú ilé wa lónìí wà níbẹ̀. Bí ohun tí ń gbóná bá wà lórí ọ̀kan nínú wọn, kí a fi àdápítọ̀ náà sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí a pa swíìṣì ògiri, kí a sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ike rẹ̀. Bí ó bá gbóná tó ohun tí ọwọ́ kò lè dúró lé, tàbí tí ó ti pọ́n, tàbí tí ó ń rùn, kí a fọ́ ọ kí a tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má baà ṣà á ní orí ààtàn. Lẹ́yìn náà, kí a wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀ bóyá ihò rẹ̀ ti ya.